Ọ̀rọ̀ Méjì Tí Mo Fi Du Màámi

Ẹ má káàánú mi. Bí ẹ bá ń ka ìtàn yìí lọ tí àánú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe yín, ẹ yáa ṣí ojú ìwé mìíràn, torí n kò kọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ pa mí lórí. Mo kọ ọ́ fún ẹni tó jókòó sẹ́yìn ẹlòmíràn lónìí, tó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé òun gan-an ló yẹ kó wà níwájú. Irú wa pọ̀ láyé, a kàn ń sẹ́ ni.

Iṣẹ́ tí mo ṣe fún ọdún mọ́kànlá nínú ẹgbẹ́ òṣèré kan, òǹwòran kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Mo máa ń jókòó lórí àga kékeré lẹ́yìn aṣọ dúdú, lápá òsì ìtàgé, ìwé eré lórí itan mi, tọ́ọ̀ṣì tí mo fi bébà búlúù bò lójú lọ́wọ́ mi. Bí òṣèré bá gbàgbé ọ̀rọ̀, èmi ni n ó sọ ọ́ sí i létí. Ọ̀rọ̀ méjì péré. Bí mo bá sọ jù bẹ́ẹ̀, òǹwòran á gbọ́. Bí mo bá sọ ẹyọ kan, òṣèré lè má mọ ibi tó já sí. Ẹnu-Ẹ̀yìn ni gbogbo ẹgbẹ́ ń pè mí.

Màámi ni ìyá ẹgbẹ́ wa. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń pè wọ́n, títí kan Ọ̀gá tó ń darí eré, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ wọn. Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti wà lórí ìtàgé. Bí a bá lẹ ìwé ìpolówó mọ́ ògiri, ojú Màámi ló máa ń wà níbẹ̀.

Wọ́n ní èmi ni igbákejì wọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí àìsàn bá dá Màámi dúbúlẹ̀, èmi ni n ó wọ aṣọ wọn jáde. Màámi kì í ṣàìsàn! Ọdún mọ́kànlá ni mo fi há ọ̀rọ̀ wọn sórí, tí mo ń kà á nínú balùwẹ̀, tí mo ń kà á fún ìkòkò àti ṣíbí. N kò sọ gbólóhùn kan ṣoṣo níwájú òǹwòran.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Ọ̀gá gbé eré tuntun wá. Ìyá agbẹ̀bí kan ni Màámi máa ṣe, ẹni tí wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún ọmọ rẹ̀, tó wá lọ bá adájọ́ nílé. Ní ìpín kẹta, òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀ fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí eré bẹ̀rẹ̀, Màámi pè mí sí yàrá ìmúra wọn, wọ́n sì ti kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn.

"Jókòó."

Mo jókòó.

"Orí mi ti ń jò," ni wọ́n wí. "Mo ka nǹkan láàárọ̀, tó bá máa di ọ̀sán, kò sí níbẹ̀ mọ́."

"Ẹ ti rí dókítà?"

"Dókítà ní kí n lọ sinmi. Kí n lọ sinmi síbo? Gbọ́ mi dáadáa. Tí o bá ti rí i tí mo fọwọ́ kan yẹtí mi tòsì, fún mi lọ́rọ̀. Má jẹ́ kí n wá ẹ. Má sì sọ fẹ́nì kankan, àní Ọ̀gá pàápàá."

"Mo ti gbọ́, Màámi."

"Búra."

Mo búra. Ẹ ò rí nǹkan? Mo búra.

Fún oṣù méjì àkọ́kọ́, kò sí wàhálà. Ọwọ́ wọn á lọ sí yẹtí, màá fún wọn lọ́rọ̀ méjì, omi á sì tún máa ṣàn. Ó tilẹ̀ ń dùn mọ́ mi. Àwọn òǹwòran á máa sunkún, èmi á sì mọ̀ lọ́kàn mi pé èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ tó pa wọ́n lẹ́kún.

Ọjọ́ kan wá dé tí obìnrin akọ̀ròyìn kan wá bá Màámi lẹ́yìn eré. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ìwé mi lábẹ́ abíyá.

"Àǹtí yìí ńkọ́?" ni akọ̀ròyìn bi wọ́n. "Òṣèré ni wọ́n?"

Màámi wò mí láti òkè délẹ̀. "Èyí? Ó ń bá wa di ìwé mú ni. Ṣé ẹ rí ojú tó wà lọ́rùn rẹ̀ yẹn, ẹ̀yìn aṣọ ló bá a mu."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rín in. Ẹni tí kò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta tán láìsí èmi ló ń fi ojú mi ṣe yẹ̀yẹ́ fún àlejò!

Ọkùnrin tó ń ṣe adájọ́ nínú eré náà wà níbẹ̀. Adájọ́ náà ni a ń pè é níta. Ẹlẹ́nu dídùn ni, irú àwọn tí wọ́n máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọ lójú nígbà tí wọ́n bá ń gún ọ lábẹ́rẹ́. Òun àti Màámi kì í kí ara wọn láti ọjọ́ tí Màámi ti lé e kúrò nínú eré kan, tí wọ́n ní ohùn rẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tó nílò òróró. Ó bá mi níbi ẹ̀rọ omi lọ́jọ́ kejì.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lánàá?"

"Ẹ̀ẹ̀melòó kí ni?"

"Má ṣe mí báyẹn. Iwájú mi ni wọ́n dúró sí, mò ń rí ọwọ́ wọn létí. Mo kà á dé mẹ́sàn-án."

"Mẹ́rìnlá ni." Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Adájọ́ súfèé. "Mẹ́rìnlá! Nígbà yẹn, ìwọ lò ń ṣeré, àwọn kàn ń lanu ni."

Ó sún mọ́ mi.

"Àwọn tó fẹ́ gbé eré yìí lọ sí ìlú mẹ́fà ń bọ̀ wá wò ó ní Sátidé. Tó bá wù wọ́n, ojú Màámi ni wọ́n máa gbé káàkiri, ìwọ á sì wà lórí àga yẹn títí eyín ẹ á fi ká. Ṣùgbọ́n tí Màámi bá ṣubú lójú wọn, Ọ̀gá gbọ́dọ̀ wá ẹlòmíì. Ta ló mọ ọ̀rọ̀ wọn?"

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Èmi?" Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "N ò ní kó o ṣe nǹkan kan o. Mo ní kó o má ṣe nǹkan kan ni."

Ó pọn omi rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo lè purọ́ fún yín pé mo lé ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lọ́kàn. N kò lé e. Mo tẹ́ ẹní fún un ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí ọwọ́ Màámi lọ sí yẹtí, mo mí ẹ̀ẹ̀kan kí n tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo rí i tí èjìká wọn le gbandi. Lẹ́yìn eré, wọ́n wá bá mi fúnra wọn.

"Ṣé ọ̀fun ń dùn ẹ́ ni?"

"Rárá, Màámi."

"Jọ̀ọ́, yára díẹ̀."

Jọ̀ọ́! Ọdún mọ́kànlá, n kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu wọn. Mo gbé e sùn bí ọmọ tuntun.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo mí ẹ̀ẹ̀mejì. Òógùn yọ lọ́rùn Màámi. Lẹ́yìn eré, wọ́n mú ìborùn olówùú tiwọn wá, èyí tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn.

"Òtútù pọ̀ níbi tó o máa ń jókòó sí," ni wọ́n wí. "Máa dà á bora."

Ẹ̀rù ló bà wọ́n tí wọ́n fi fún mi, mo sì mọ̀. Mo gbà á. Mo tún kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Sátidé dé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni eré. Àwọn àlejò márùn-ún jókòó sí ìlà kejì, ìwé àti bírò lọ́wọ́ wọn. Ní ìpín kìíní àti ìkejì, n kò fi nǹkan kan du Màámi. Bí ọwọ́ wọn ṣe ń gbéra ni ọ̀rọ̀ ń dé. Mo fẹ́ kí ọkàn wọn balẹ̀ dáadáa kó tó kan ìpín kẹta. Irú ìkà tí mo jẹ́ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Ní ìpín kẹta, Adájọ́ wà lórí àga gíga rẹ̀. Màámi dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀, gbogbo gbọ̀ngàn sì parọ́rọ́.

"O ní kí n mú ẹ̀rí wá," ni wọ́n wí. "Mo ti mú un wá. Mi ò kó o sínú àpò, mi ò sì fi ṣọwọ́ sí lọ́yà kankan..."

Wọ́n dúró. Ọwọ́ wọn lọ sí yẹtí.

Ọ̀rọ̀ tó kàn ni "Ọwọ́ mi." *Ọwọ́ mi nìyí, ọwọ́ yìí ló gbẹ̀bí rẹ.* Ibẹ̀ gan-an ni okùn gbogbo eré náà so mọ́. Ìka mi wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ méjì yẹn nínú ìwé.

Mo mí ẹ̀ẹ̀kan. Mo mí ẹ̀ẹ̀mejì. Mo mí ẹ̀ẹ̀mẹta.

Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn òǹwòran rò pé eré ni. Màámi tún fọwọ́ kan yẹtí. Wọ́n wá ń fà á, wọ́n ń fà á bí ẹni ń fa agogo tí kò dún. Ẹnì kan wúkọ́. Àga kan dún. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò yí ojú sí ẹnì kejì rẹ̀. Adájọ́ kò wo Màámi mọ́, èmi ló ń wò láti orí àga rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn kan ti bi mí bóyá ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun ni. Kò há. Ó wà lórí ahọ́n mi, ó sì ń dùn mọ́ mi. Mo ní, ẹ máa bá a lọ, Màámi, ẹ jẹ́ kí ojú yín tó dára yẹn sọ ọ́.

Màámi wá yí padà.

Wọn kò rìn bí ìyá agbẹ̀bí inú eré mọ́. Bí arúgbó tí orúnkún ń dùn ni wọ́n ṣe rìn wá sí apá òsì, tààrà, láìwo ẹnikẹ́ni. Wọ́n di aṣọ dúdú náà mú, wọ́n sì fà á ya kúrò lára irin.

Gbogbo iná ìtàgé dà lé mi lórí. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta èèyàn rí mi: ìwé lórí itan, tọ́ọ̀ṣì ń tàn, ìka lábẹ́ ọ̀rọ̀, ìborùn Màámi lọ́rùn mi, ẹnu mi ní pípadé.

Màámi tẹ̀ ba. Wọ́n ka ibi tí ìka mi wà.

"Ọwọ́ mi," ni wọ́n wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Wọ́n nàró, wọ́n sì dojú kọ àwọn òǹwòran. "Ẹ wá wò ó. Ọ̀rọ̀ mi wà lábẹ́ ìka rẹ̀. Ó ń wò mí níran!"

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ ní gbọ̀ngàn yẹn. Màámi gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n ń tú yẹtí wọn bí wọ́n ṣe ń lọ. Ọ̀gá kígbe kí wọ́n ti aṣọ ìtàgé.

Lẹ́yìn ìtàgé, gbogbo wọn yí mi ká.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ni Ọ̀gá bi mí.

"Tọ́ọ̀ṣì ló kú, sà."

Aránṣọ wa, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, já tọ́ọ̀ṣì náà gbà lọ́wọ́ mi, ó sì tàn án sí mi lójú. "Èyí tí gbogbo ayé rí tó ń tàn? Irọ́ náà ò tiẹ̀ já fáfá."

Mo wo Adájọ́. "Sọ fún wọn! Sọ ohun tó o sọ fún mi!"

"Kí n sọ kí ni?" Ó gbé èjìká rẹ̀ sókè. "Ṣé èmi ni mo fọwọ́ bò ẹ́ lẹ́nu?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dùn mí jù ni pé òótọ́ ló sọ.

Ọ̀gá ti lọ kan ilẹ̀kùn Màámi, wọn kò ṣí i. Ìpín kẹrin sì kù, àwọn èèyàn wà lórí ìjókòó. Ọ̀gá padà wá dúró sí iwájú mi, wọn kò wò mí lójú.

"O mọ ìyókù?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Lọ wọṣọ."

Ìtìjú ló jẹ́ láti sọ, àmọ́ inú mi dùn. Láàárín gbogbo ẹ̀gàn yẹn, inú mi dùn! Mo rò pé tí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn mi, wọ́n á gbàgbé.

Aṣọ náà tóbi jù mí. Aránṣọ ń fi pín-ìn-nì fún un lẹ́yìn mi.

"Ó gún mi," ni mo wí.

"Mo mọ̀," ló fèsì, ó sì tún gún mi.

Mo jáde. N kò tíì lanu tí ohùn kan fi ta láti òkè: "Òun nìyẹn! Ẹni ẹ̀yìn aṣọ!" Òmíràn ní, "Ojú ẹ ò tì ẹ́?" Wọ́n ń pòṣé káàkiri, wọ́n ń kùn bí oyin. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ìpín kẹrin láìfi ọ̀kan sílẹ̀. N kò ṣi ẹyọ kan sọ. Nígbà tó kan ibi tí ọmọ ìyá agbẹ̀bí yẹ kó dì mọ́ mi, ọmọkùnrin tó ń ṣe é fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dúró gbagidi bí òpó. Èmi nìkan ni mo dì mọ́ ọn.

Eré parí. Kò sí àtẹ́wọ́. Ariwo àga tí àwọn èèyàn ń dìde lórí rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́, àga márùn-ún ìlà kejì sì ti ṣófo tipẹ́. Kò sẹ́ni tó tún mẹ́nu kan ìlú mẹ́fà mọ́.

Ọ̀gá kò pariwo mọ́ mi. Wọ́n kàn ní, "Kò sóṣèré tó máa gbà kó o jókòó sẹ́yìn òun mọ́, kò sì séyìí tó máa gbà kó o dúró níwájú òun. Wá sọ fún mi ibi tí mo máa fi ẹ́ sí." Mo kó ẹrù mi. Nígbà tí mò ń lọ, mo fi ìborùn náà sí ẹnu ọ̀nà yàrá Màámi. Ẹnì kan ti jù ú síta kí n tó dé ìta gbangba.

Màámi kò gun orí ìtàgé mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọdún méjì kọjá. Mo ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù bàtà kan. Ọjọ́ kan ni mo gbọ́ pé Màámi kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́, pé gbogbo nǹkan ti lọ lórí wọn. Ẹ má rò pé àánú ló gbé mi dìde. Ohun tí mo rò ni pé bí wọ́n bá ti gbàgbé gbogbo nǹkan, wọ́n ti gbàgbé tèmi náà. Màá lọ kúnlẹ̀, wọ́n á súre fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àlejò, èmi á sì máa sọ kiri pé Màámi ti dárí jì mí. Ojú àánú ẹni tí kò mọ̀ mí ni mo lọ jí.

Ọjọ́ Àìkú ni. Ọmọ wọn obìnrin ló ṣílẹ̀kùn, ẹni tí n kò pàdé rí, torí ìlú òkèèrè ló ti ń ṣiṣẹ́ kó tó wálé wá tọ́jú ìyá rẹ̀.

"Ẹ má bínú o, tí wọn ò bá dá yín mọ̀," ló wí. "Èmi tí wọ́n bí, nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè mí."

Màámi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọwọ́ lórí orúnkún, ojú wọn ń wo ibi tí kò sí nǹkan kan. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Màámi."

Wọ́n yí orí wọn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wò mí. Wọ́n tún wò mí.

"Ẹnu-Ẹ̀yìn," ni wọ́n wí.

Ọmọ wọn fọwọ́ bo ẹnu.

"Ọ̀dàlẹ̀! O mọ̀ ọ́n, o sì ń wò mí. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fún ẹ láṣọ mi. O ń wò mí!" Ohùn wọn ga sókè, ohùn orí ìtàgé gan-an. "Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ló ti lọ. Ìwọ nìkan lo kọ̀ tó ò lọ! Jáde nílé mi!"

Mo sá jáde. Ọmọ wọn bá mi lẹ́nu ọ̀nà, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Oṣù mẹ́jọ!" ló ń wí. "Oṣù mẹ́jọ ni wọn ò ti pe ẹnikẹ́ni bó ṣe ń jẹ́. Ta ni yín? Kí lẹ jẹ́ sí wọn?"

Mo sọ ọ́ fún un, gbogbo rẹ̀, lórí ìdúró. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ẹ̀rín ń kúrò lójú rẹ̀. Mo ń retí ìgbátí.

"Ẹ ò ní rí ojú rere mi láéláé," ló wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n ẹ máa bọ̀."

"Kí n máa bọ̀?"

"Ẹ ò gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ̀rọ̀ ni? Wọn ò dúró, wọn ò wá ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ máa bọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú."

"Wọ́n á máa bú mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wá máa gbà á."

Mò ń lọ. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń kúnlẹ̀, tí Màámi ń dá mi mọ̀, tí wọ́n ń bú mi bí ẹni pé àná ni mo ṣe é. Kò rọrùn láti gbọ́, kì í sì í mọ́ ènìyàn lára. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn ẹlòmíràn, bí ọ̀rọ̀ ẹni náà bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ fún un. Bí ẹ bá fẹ́ àyè rẹ̀, ẹ bọ́ síta kí ẹ bèèrè rẹ̀ lójúkojú.

Bí èébú bá ti mú ara Màámi gbóná tán, ọmọ wọn á yára sáré wọlé, á kúnlẹ̀ síbi tí mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Á ní, "Màámi, ẹ wò mí. Èmi ńkọ́?" Ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́n á ní nọ́ọ̀sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú oríkì rẹ̀ lẹ́yìn. N kì í gbọ́ ìyókù, torí ìgbà yẹn ni ó máa ń nawọ́ sẹ́yìn, tí á ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta.